Ẹyin Mọ́kànlá Nínú Fìríìjì

Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo ṣe lọ́dún yẹn ló pa adìyẹ ìyá mi.

Aránṣọ ni mí. Ogún ọdún ó lé mẹ́fà ni mo ti wà nídìí ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè na ìka sí ojú ìrán mi kan pé ó tú. Tí mo bá rán nǹkan, ó rán nìyẹn. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń pè mí ní Abẹ́rẹ́, kì í ṣe torí iṣẹ́ o, torí ẹnu mi ni. Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú. Inú mi náà sì ń tètè bí. Ẹni tí kò bá lè gbà mí bẹ́ẹ̀, kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀rín rán an fún un, tí yóò sì tú lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ni ìyá mi ń gbé. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sin adìyẹ sí: àgbébọ̀ mẹ́sàn-án àti àkùkọ kan, pupa ni gbogbo wọn, ọrùn wọn dúdú. Ọ̀sẹ̀ tó bí mi ni ìyá tirẹ̀ fún un ní àwọn àkọ́kọ́, kò sì jẹ́ kí ìran náà run láti ìgbà yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni èmi àti ìran adìyẹ yẹn. Tí mo bá sọ ohun tó dùn ún, á ní, "Wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yéyin, ìwọ ń sọ̀rọ̀." Ó sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ń jẹ́ Ayọnilẹ́nu. Àkùkọ ń jẹ́ Alága, torí ó gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò kan òun. Bí géètì bá dún, á kọ. Bí fóònù bá dún, á kọ. Bí ọkọ mi bá sín, á kọ.

Ojú ọjọ́ ọdún yẹn ò ṣeé gbára lé. Ó dà bí oníbàárà tó ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn tí a ti gé aṣọ. A gbé agbòjò jáde, oòrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan wá. A sá aṣọ síta, òjò á dé láìṣú. Ní ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. A rò pé ẹsẹ̀ ni, àṣé ọkàn rẹ̀ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú kejì, ìrìn wákàtí mẹ́ta, níbi tí àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Dókítà ní ọkàn náà ń sáré, á dúró, á tún sáré, pé yóò lò tó oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn. Ó wá pe èmi àti àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà," ó ní. "Ìròyìn burúkú kan ṣoṣo lè mú un lọ." Nígbà tí mo ń dágbére fún ìyá mi, ohun kan ló sọ: "Bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kẹfà tó ti wà níbẹ̀, rédíò kéde láàárọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀, kí oníkálukú yára dáàbò bo nǹkan ìní rẹ̀. Mo gbọ́ràn. Mo gbé tapólì kan tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀, mo fi téèpù wọn ilé adìyẹ yíká bí ẹni ń wọn ènìyàn, mo gé e, mo fi òwú bàtà rán an lójú méjì méjì, mo fi síìpù sí ẹnu rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ fún ilé adìyẹ náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo dúró, mo wò ó, inú mi dùn sí ara mi. Mo ní kí òjò wá, kó wá gbìyànjú.

Òjò ò gbìyànjú. Mo ti lọ wọn aṣọ fún oníbàárà kan ní òdìkejì ìlú nígbà tí oòrùn yọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó sì mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń rọ̀. Abẹ́ fáànù ni mo wà, pín-ìn-nì lẹ́nu mi. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo ní omi kan ò lè wọ ibẹ̀. Lóòótọ́ ni, omi kankan ò wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ò wọ ibẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni mo délé. Mo ti géètì gbàà, Alága ò kọ.

Mo sáré. Mo fa síìpù yẹn, ooru tó jáde gbá mi lójú bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìkòkò. Igun tí síìpù wà ni gbogbo wọn kó ara wọn jọ sí, ẹnu wọn là sílẹ̀, ìyẹ́ wọn nà. Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà, bí ẹni pé tí mo bá kà wọ́n dáadáa, ọ̀kan á mí. Mẹ́wàá pé. Ojú ìrán mi ò tú níbì kankan.

Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Mo ti ń pa òwe yẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ń sọ.

Kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rù ni. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn nígbà tí fóònù mi dún. Aago mẹ́rin ti lù. Aago mẹ́rin ni ìyá mi máa ń pè lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yíká tán.

"Abẹ́rẹ́, àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Ohùn dókítà ló wá sí mi létí. Mo la ẹnu, irọ́ jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

"Wọ́n wà, Màmá."

"Wọ́n ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti mumi."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ó dáa," ó ní. "Bá mi kí wọn."

Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, torí fìríìjì ló ń tún ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí mo bá ń pariwo, á dúró títí màá fi ṣe tán, bí ẹni dúró lábẹ́ òrùlé kí òjò dá. Òun ló bá mi sin wọ́n. Nígbà tó wọlé, ó bá mi ní ilé ìdáná, mo ń wo apẹ̀rẹ̀ ẹyin tó wà lórí pẹpẹ.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?" ó ní.

"Mọ́kànlá. Mẹ́tàlá ni láàárọ̀."

Ó fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. "Má wò mí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń sè é."

Ẹyin mọ́kànlá ló kù nínú ìran ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó jókòó tì mí, ó ronú, ó wá ní òun ní òkú fìríìjì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín ò padà wá gbé. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń fi òtútù jẹun lẹ fẹ́ pa ẹyin?"

"Fìríìjì ò mọ òtútù," ó ní. "Ohun tí a bá tì mọ́ ọn nínú ló ń tọ́jú."

A gbé e wá sí ilé ìdáná, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí àpótí. Ó so gílóòbù méjì sínú rẹ̀, ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná tí ooru bá ti tó, ó tẹ́ wáyà oníhò sókè díẹ̀ fún ẹyin, ó gbé abọ́ omi sí abẹ́ rẹ̀ kí inú ibẹ̀ má bàa gbẹ, ó gé gíláàsì kan sí ara ilẹ̀kùn kí a lè máa wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo figbe ta. "Ihò dà? Ibo ni wọ́n á ti mí? Ẹ lu ihò sí i!" Ó ní òun ti fẹ́ lu méjì sókè. Mo ní rárá, mẹ́fà, kó sì jẹ́ nísàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Ó wò mí. Ó lu mẹ́fà, nísàlẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìyẹ fi ń pa. Tí a bá kà á láti ọjọ́ tí ẹyin wọ fìríìjì, ọjọ́ kẹrìnlélógún ni wọ́n dá fún ìyá mi pé yóò wálé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò pọ̀: lọ́jọ́ tó bá dé, màá kó òròmọdìyẹ lé e lọ́wọ́ kí n tó la ẹnu, kó má jẹ́ ọwọ́ òfo ni màá fi sọ ọ́ fún un. Tí ẹyin yẹn bá kọ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kù lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn á sì pa á.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin kọ̀ọ̀kan, mo ya òdo sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n lè mọ èyí tí mo ti yí. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń yí wọn. Mo tún wá fi irọ́ lé irọ́: mo sọ fún ìyá mi pé Ayọnilẹ́nu ti ń sàba, ẹyin mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mọ́kànlá?" ó ní. "Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Ayọnilẹ́nu máa ń gbàgbé o. Bá a yí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ tutù nígbà tó o bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n."

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rù bà mí pé ẹ̀rọ ọkọ mi ń parọ́. Mo ní, "Màmá, abẹ́ adìyẹ tó ń sàba, báwo ni ooru ẹ̀ ṣe máa ń tó?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Bí abẹ́ apá ẹ nígbà tí ara ẹ bá dá. Kì í ṣe bí abẹ́ apá ẹni tí ibà ń ṣe." Mo lọ fọwọ́ sí abẹ́ apá mi, mo fọwọ́ sínú fìríìjì. Ó bára mu.

Lọ́jọ́ keje, a pa iná ilé ìdáná, ọkọ mi gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan síwájú tọ́ọ̀ṣì. Mẹ́ta ṣófo, kò sí nǹkan kan nínú wọn ju omi lọ. Nínú mẹ́jọ, iṣan pupa tín-ín-rín ti nà káàkiri bí òwú, ojú dúdú kékeré kan sì ń mì láàárín. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù tuntun ló dé: ohun tó wà láàyè ló lè kú.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa rí lọ́sẹ̀ méjì yẹn. Tí atẹ́gùn tútù bá fẹ́, màá fi kúbùsù bo fìríìjì. Tí oòrùn bá mú, màá ká a kúrò. Lọ́jọ́ mìíràn, mo bò ó, mo ká a, mo tún bò ó, kí ọ̀sán tó pọ́n. Iná mànàmáná tí mo ti ń bú fún ogún ọdún, mo wá ń bẹ̀ ẹ́. Mo gé apá aṣọ oníbàárà kan ní òdì, mo rán èyí tí mo gé mọ́ ẹ̀yìn. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ wò, ó ní, "Aránṣọ, ṣé ẹ sàn?" Mo gba aṣọ náà padà, mo jókòó tú apá rẹ̀. Aago mẹ́rin lójoojúmọ́, màá nu ọwọ́, màá gbé fóònù, màá parọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tí ì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, èémí rẹ̀ ti ń kan mí lẹ́yìn ọrùn.

"Tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún," ìyá mi wí, "má yí wọn mọ́. Má ṣí wọn, bó ti wù kí ara máa yún ọ tó. Wọ́n ti ń mọ ibi tí orí wọn máa gbà jáde. Tí òtútù bá wọ ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn, awọ inú ẹyin á gbẹ mọ́ wọn lára, wọ́n á kú sẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́tí sí wọn nìkan." Nígbà tí ọjọ́ náà pé, a ti ilẹ̀kùn fìríìjì, ọkọ mi fi okùn dì í, torí ó mọ̀ mí.

Ogúnjọ́ tí ẹyin ti wà nínú fìríìjì ni. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀rọ òtútù ńlá tí wọ́n ń kó ẹran pamọ́ sí ló bàjẹ́. Oòrùn ń ràn. Nígbà tó di aago méjìlá, ojú ọ̀run dúdú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn fa aṣọ bo fèrèsé, ìjì dé, yìnyín tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ ìró yìnyín rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí. Ó ń bọ́ lórí páànù bí òkúta tí wọ́n ń dà láti inú ọkọ̀. Mo pariwo orúkọ ọkọ mi, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Iná lọ.

Mo kó kúbùsù méjèèjì lé fìríìjì. Mo wo gíláàsì: ooru ṣì wà. Mo ní kò burú, fìríìjì ń tọ́jú ohun tí a bá tì mọ́ ọn nínú. Ìgbà yẹn ni omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Yìnyín ti dí ojú gọ́tà, gbogbo omi ẹ̀yìnkùlé ń wá ibi tí yóò gbà, ó sì rí ilé ìdáná mi. Mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo bu omi, mo nu omi, omi ò gbọ́. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó tutù bíi yìnyín tó ti inú rẹ̀ wá. Mo wá rántí ihò.

Ihò mẹ́fà. Èmi ni mo ní kó lu wọ́n. Èmi ni mo ní ìsàlẹ̀.

Mo wólẹ̀ sínú omi, mo ń ki àkísà sínú wọn, àkísà ń bọ́. Mo gbìyànjú láti gbé fìríìjì náà, kò mì. Mo wo gíláàsì: omi ti bo abọ́, ó ń gòkè lọ bá wáyà tí ẹyin wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀, mò ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," bí ẹni ń bẹ oníbàárà. Mo fi àlùmọ́gàjí gé okùn. Mo ṣí ohun tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ṣí.

Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kì wọ́n sínú bùláòsì mi. Èyí tó ṣìkẹta bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó kọlu etí fìríìjì, ó fọ́ sínú omi. Mo rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti hu ìyẹ́.

Mi ò ráyè sunkún. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá méje tó kù mọ́ àyà, mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi tó wà ní iwájú ilé, mo gun orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo ká ẹsẹ̀ sókè. Fẹ́ẹ̀sì kan, àwọ̀lékè tí kò lápá, wà níbẹ̀ tí mo ń rán fún oníbàárà, aṣọ tó nípọn, tó ní fóòmù nínú. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán àpò méje sí i níbi ikùn. Mo rán an ní ìrán tí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní á tijú rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ kan jìnnà sí èkejì tó ìka kan. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá fẹ́ fún un pọ̀, mo ń rí igun tí síìpù wà. Mo kó ẹyin sínú àpò, mo wọ fẹ́ẹ̀sì náà mọ́ ara, mo fi ìborùn dì í lórí, mo jókòó, mi ò mira.

Yìnyín dá. Òjò dá. Aago ara ògiri lu mẹ́rin.

Fóònù ò dún. Mo tẹ nọ́ńbà ìyá mi, kò lọ. Mo tẹ ti àbúrò mi, kò lọ. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọjá ogún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ, kò tíì fo ọjọ́ kan rí. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ti lọ. Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mi ò sì lè da ara mi sílẹ̀ kí n ké, torí ẹyin méje ló wà níkùn mi.

Ó lé ní aago márùn-ún nígbà tí mo gbọ́ mọ́tò. Mo rò pé ọkọ mi ni. Ohùn àbúrò mi ni mo gbọ́: "Ẹ rọra, Màmá, ilẹ̀ ń yọ̀."

Ìyá mi wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti rù, ó di àbúrò mi lápá mú. Àbúrò mi ní láàárọ̀ ni ìjì yẹn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn, ó ká òrùlé wọ́ọ̀dù lọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá lè dìde máa lọ sílé rẹ̀, òun ti pe fóònù títí, kò lọ. Ó padà sídìí mọ́tò láti lọ gbé ẹrù. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ẹyin ò jẹ́. Mo dúró gbagidi níwájú ìyá mi bí ọmọ tí a kò kọ́.

Ó wo ojú mi. Ó wo ikùn mi. "Abẹ́rẹ́," ó ní, "ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta?"

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Mú mi lọ sẹ́yìnkùlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín mu." Mo ti bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo fi ara dí i. Mò ń wo àyà rẹ̀, bóyá ó ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Mo ń ronú ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe la ẹnu ni ikùn mi sọ̀rọ̀.

Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí òwú tuntun bá ń dún lójú abẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Ó tún dún. Èkejì dá a lóhùn.

Ìyá mi gbé ọ̀pá ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ikùn mi. "Mélòó?"

"Méje. Mẹ́jọ ni wọ́n, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, mi ò lè dá a dúró. "Màmá, mo pa wọ́n. Gbogbo wọn. Alága, Ayọnilẹ́nu, gbogbo wọn. Èmi ni, tapólì tí mo rán ni."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Alága ni." Ó ṣì ń tẹ́tí sí ikùn mi. "Láti ọjọ́ tí rédíò pariwo ìjì yẹn ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń pe fóònù ẹ, lójoojúmọ́ ni o ń gbé e, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé àkùkọ tèmi ló máa gbọ́ fóònù tí á dákẹ́?"

Mo rọra jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń béèrè wọn lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ìyá mi wí. Mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi. "Tó o bá sọ ọ́ fún mi, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí ni ǹ bá tún máa dìde fún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Mò ń béèrè kó o lè máa bá mi parọ́. Ìgbà tó o wá bi mí pé báwo ni ooru abẹ́ adìyẹ ṣe ń tó, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dá nǹkan kan ṣe níbí. Mo ní, ó dáa, màá pẹ́ sí i díẹ̀."

Àṣé èmi nìkan kọ́ ni mò ń làágùn lábẹ́ ìyẹ́.

"Má rò pé inú ò bí mi o," ó ní. "Inú ń bí mi gidi. Màá bínú sí ọ dáadáa tí mo bá simi tán. Bọ́ aṣọ yẹn fún mi, ara ẹ ti tutù." Ó wọ fẹ́ẹ̀sì náà fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó fa kúbùsù bo ara. Ó na àpò kan wò lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ta ló rán ràdàràdà yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó ki ìka bọ àárín ojú ìrán kan sí èkejì. "Ó dáa. Ó ń gba afẹ́fẹ́."

Márùn-ún ló pa. Méjì kò jáde. Ìyá mi dúró dè wọ́n di ọjọ́ kẹrìnlélógún kó tó gbà. Ọkọ mi tún fìríìjì náà ṣe, ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, ó lu ihò méjì sókè níbi tó ti fẹ́ lu ú sí tẹ́lẹ̀, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Inú rẹ̀ ni àwọn márùn-ún náà gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí òjò tútù tún dé, oòrùn tún dé, ojú ọjọ́ ò yí ìwà padà. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá kéde, àyà mi á já, màá jáde lọ fọwọ́ kan ilé adìyẹ bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́. Tapólì yẹn, mo ti tú ojú ìrán rẹ̀ gbogbo. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi tú u.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, pín-ìn-nì lẹ́nu mi, fóònù dún. Mo wò ó: ìyá mi ni. Aago mẹ́rin sì ni. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí mo jókòó, kí ló wá ń pe fóònù sí?

"Màmá?"

Kò sí ìdáhùn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Màmá, kí ló dé? Ṣé ẹ ṣubú ni? Màmá!" Mo ti dìde, àga ti ṣubú lẹ́yìn mi.

Ohùn kan gba inú fóònù wọlé sí mi létí. Ó ha, ó já láàárín, ó tún bẹ̀rẹ̀, bí ohùn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Kò tíì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kọ.

"O gbọ́ ọ?" ìyá mi wí.

"Mo gbọ́, Màmá."

"Wọ́n ti jẹun," ó ní. "Wọ́n ti mumi."

Ó pa fóònù. Mo yọ pín-ìn-nì lẹ́nu mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú abọ́, mo gbé orí lé màṣíìnì, mo sun ẹkún tí mi ò ráyè sun lọ́jọ́ yìnyín yẹn.